Hítà Tí Ara Rẹ̀ Yá Lójijì

Ọwọ́ òkú náà ni Abẹ́rẹ́ kọ́kọ́ wò. Kò wo ojú, kò wo aṣọ, kò sì dá àwọn ọlọ́pàá tó kún ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná lóhùn. Ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tó rin fún omi, ó ṣí àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún obìnrin náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì rí àpá jíjó kan níbẹ̀, tóóró, àárín rẹ̀ funfun, etí rẹ̀ dúdú. Ó gbé ọwọ́ òsì wò. Àpá kejì wà lórí ìka méjì.

"Méjì," ni ó sọ.

"Méjì kí ni?" Ọ̀gá àgọ́ wọn ló bèèrè. Ó dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó ń wo aago ọwọ́ ara rẹ̀.

"Ojú méjì ni iná gbà lára rẹ̀. Ó gba ọwọ́ kan wọlé, ó gba ọwọ́ kejì jáde. Àyà ló sì gbà kọjá."

Abẹ́rẹ́ dìde. Ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ẹ̀rọ omi onírin kan yọ jáde lára ògiri. Ní ọwọ́ òsì, sítóòfù gáàsì jókòó sórí tábìlì, páìpù irin ló gbé gáàsì wá síbẹ̀ láti abẹ́ ilẹ̀. Ẹni tó bá na apá méjèèjì, yóò kan méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Kẹ́tùrù kan dùbúlẹ̀ sílẹ̀, ó ti da omi inú rẹ̀ nù. Obìnrin kan fẹ́ se omi tíì lásán ni, ó sì bá a lọ.

Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni Abẹ́rẹ́, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ó sì ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ju ọ̀pọ̀ àwọn tó ń pàṣẹ fún un lọ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ ní orúkọ yẹn. Wọ́n ní bó ṣe tẹ́ẹ́rẹ́ náà ló ṣe ń gún ni. Òun kò kà á sí èébú.

"Má wulẹ̀ da ara rẹ láàmú," ni Ọ̀gá sọ. "Ẹjọ́ yìí ti parí kó o tó dé. Ọkọ rẹ̀ ni. Oníṣẹ́ iná ni, Wáyà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Wọ́n jà nírọ̀lẹ́ àná. Tíṣà tó ń gbé lókè gbọ́ ọ pẹ̀lú etí ara rẹ̀ tó ń pariwo pé, 'Iná ni yóò pa ọ́!' Ilẹ̀ mọ́, iná pa á. Kí la tún ń wá?"

"Ibi tí iná náà wà là ń wá, sà."

"Kò sí níbì kankan. A fi tẹ́sítà kan ẹ̀rọ omi, kò tàn. A fi kan sítóòfù, kò tàn. Ìyẹn ni pé ó fi wáyà sí i, ó sì yọ ọ́ kúrò lẹ́yìn tó ti rí ohun tó fẹ́."

"Aago mélòó ló kú?"

"Láàárín aago mẹ́fà ààbọ̀ sí méje àárọ̀."

"Ẹ̀yin wá yẹ̀ ẹ́ wò nígbà wo?"

"Aago mẹ́wàá. Kí ló kan aago nínú ọ̀rọ̀ yìí?"

Abẹ́rẹ́ kọ àwọn aago náà sínú ìwé rẹ̀. Ó kọjá sí pálọ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ kan wà lẹ́bàá fèrèsé, aṣọ ilé-ìwé ọmọdé ṣì wà lábẹ́ abẹ́rẹ́ rẹ̀, apá kan ti wà lára rẹ̀, apá kejì kò tíì sí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ìyá olóògbé jókòó sí, arúgbó tó rọra ń mi ara rẹ̀ síwá sẹ́yìn. Àwọn ọlọ́pàá ti sọ fún Abẹ́rẹ́ pé màmá yìí gbá àna rẹ̀ létí lẹ́ẹ̀mejì lójú gbogbo ayé nígbà tí wọ́n ń kó ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́.

"Ẹ kú ọ̀rọ̀ èèyàn, Màámi," ni Abẹ́rẹ́ sọ.

"Ọmọ mi, ẹ má jẹ́ kó jáde o," ni màmá náà dáhùn. "Mo fi ọmọ mi lé e lọ́wọ́ ní ààyè. Iṣẹ́ iná tó fi ń wá oúnjẹ náà ló fi pa á."

*

Wọ́n ti gba okùn bàtà lọ́wọ́ Wáyà. Ó jókòó sílẹ̀ nínú àtìmọ́lé, bàtà iṣẹ́ rẹ̀ là sílẹ̀ gbàgà bí ẹnu tí kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣì wú díẹ̀.

Abẹ́rẹ́ fa àga kan, ó jókòó. "Ṣé o sọ fún ìyàwó rẹ pé iná ni yóò pa á?"

"Mo sọ ọ́, mà."

"Kí ló dé tó o fi sọ ọ́?"

"Torí pé iná fẹ́ pa á ni."

Ọlọ́pàá tó dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ́rìn-ín ìyẹ̀yẹ́. Abẹ́rẹ́ bojú wẹ̀yìn wò ó lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rín náà sì tán lẹ́nu rẹ̀.

"Sọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀."

"Ọjọ́ méjì ni mo fi lọ ṣiṣẹ́ ní ìlú kejì. Ìrọ̀lẹ́ àná tí í ṣe ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo dé. Ó sọ fún mi pé láti ọjọ́ Ajé ni iná ti ń gbé òun lọ́wọ́ lára ẹ̀rọ omi, ṣìnṣìn, bí èèrà. Mo fi tẹ́sítà kàn án, ó tàn. Mo pa gbogbo iná ilé wa láti ìdí mítà, ó ṣì ń tàn. Mo wá mọ̀ pé iná náà kì í ṣe tiwa. Mo pe ajẹ́ńtì tó ń bójú tó ilé lórí fóònù. Ó ní kí n má da òun láàmú, pé ẹnjiníà ti wá yẹ gbogbo páìpù wò lọ́jọ́ Ajé, ìwé ẹ̀rí sì wà lọ́wọ́ òun."

"Ìjà tí Tíṣà gbọ́ ńkọ́?"

"Ìjà kọ́, mà. Mo ní, 'Má fọwọ́ kan ẹ̀rọ yẹn mọ́. Inú garawa ni kó o ti máa bu omi.' Ó ń fi mí rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé mo fẹ́ kí òun máa gbàwẹ̀ omi ni. Ìyẹn ni mo fi pariwo." Ohùn rẹ̀ já. "Láti aago mẹ́fà àárọ̀ yìí ni mo ti wà lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì ajẹ́ńtì, mo ń dúró dè é. Kò ṣí ilẹ̀kùn títí ó fi di aago méje ààbọ̀. Ìgbà tí mo padà délé, èrò ti kún."

"Omi inú garawa ńkọ́?"

"Ó ti tán. Ìyàwó mi fẹ́ kí tíì ti wà nílẹ̀ kí n tó dé ni."

Abẹ́rẹ́ pa ìwé rẹ̀ dé. Iná tó wà nírọ̀lẹ́, tó wà láàárọ̀, tí kò sí ní aago mẹ́wàá. Kò jọ ohun tí apànìyàn fi síbẹ̀. Ó jọ ohun tí ẹnì kan ń tàn, tó sì ń pa, lásìkò tó bá wù ú.

*

Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ló ń gbé òkè. Ilé rẹ̀ mọ́ tónítóní, ìwé tò sára ògiri bí àwọn ọmọ ilé-ìwé tó wà lórí ìlà. Ó ti múra sílẹ̀ láti jẹ́rìí, ó tilẹ̀ ti kọ ọ́ sínú ìwé.

"Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ọ lódindi, sà," ni Abẹ́rẹ́ wí. "Kí ló sọ ṣáájú 'iná ni yóò pa ọ́'?"

"Ìyẹn ni n kò gbọ́. Omi ń pariwo ní bálùwẹ̀ mi."

"Ẹ ń wẹ̀?"

"Mo fẹ́ wẹ̀. Aago méje ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń wẹ̀, àti aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀. Gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́ tíṣà, n kò yẹ̀ ẹ́ rí."

"Omi tútù?"

"Pẹ̀lú ẹ̀yìn tó ń ro mí yìí? Hítà wà níbẹ̀ mà, hítà ń ṣiṣẹ́."

Bírò Abẹ́rẹ́ dúró lórí ìwé. "Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa?"

Tíṣà rẹ́rìn-ín. "Ó ti wá dáa báyìí. Oṣù méjì gbáko ló fi yọ mí lẹ́nu. Bí mo bá ti tàn án, pàú! bíréékà á já wálẹ̀, ilé á ṣókùnkùn. Ó dé ibi tó jẹ́ pé mo ń bá a sọ̀rọ̀ bí ọmọ aláìgbọràn. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, mo ní kí n kàn dán an wò, kò já mọ́. Omi gbóná fẹlifẹli. Mo ṣọpẹ́."

"Ta ló bá yín tún un ṣe?"

"Ẹnì kankan kọ́. Ara rẹ̀ kàn yá lójijì ni."

"Tíṣà, ẹ̀rọ kì í sùn kó jí kí ara rẹ̀ yá." Abẹ́rẹ́ ti dìde. "Ṣé rọ́bà ni omi ń gbà bọ́ sórí yín, àbí irin?"

"Rọ́bà ni. Sílípáàsì rọ́bà ni mo sì máa ń wọ̀ kí n má baà yọ̀ ṣubú."

"Ọlọ́run ló yọ yín." Ó na orí sí ojú fèrèsé, ó pe kọ́ńsítébù tó wà nísàlẹ̀. "Fi tẹ́sítà kan ẹ̀rọ omi ilé ìdáná yẹn. Má fi ọwọ́ kejì kan nǹkan kan o! Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tan hítà yín."

Tíṣà tàn án. Wọn kò tíì mí lẹ́ẹ̀mejì tí kọ́ńsítébù fi figbe ta nísàlẹ̀: "Ó tàn, mà! Ó tàn yòò!"

"Ẹ pa á."

"Ó ti kú!" ni ohùn náà tún ké láti ìsàlẹ̀.

Tíṣà gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, ó sì di ara ògiri mú. Ìwé ẹ̀rí tó fara balẹ̀ kọ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ìyáàfin, ṣé èmi ni mo pa ọmọ yẹn?"

"Omi gbígbóná lẹ fẹ́, sà. Kò burú láti fẹ́ omi gbígbóná." Abẹ́rẹ́ fún un ní àga. "Hítà yín ti ń ṣàìsàn tipẹ́, ohun kan ló sì wà nínú ilé yìí tó ń já bíréékà yín kí ó má baà pa èèyàn. Ẹ rò pé ó ń yọ yín lẹ́nu ni. Mo fẹ́ mọ ẹni tó mú ohun náà kúrò lọ́jọ́ Ajé."

*

Ọ̀gá kò fẹ́ kí wọ́n mú Wáyà jáde. Ó ní wọn kì í mú olè lọ kọ́ni bí wọ́n ṣe ń jalè. Abẹ́rẹ́ ní òun kò mọ ìdí iná, ẹni tó mọ̀ ọ́n nínú gbogbo àgọ́ náà wà nínú àtìmọ́lé, bí Ọ̀gá bá sì mọ ẹlòmíràn, kí ó pè é wá kíákíá. Ọ̀gá kò mọ ẹlòmíràn.

Báyìí ni wọ́n ṣe mú Wáyà wá sábẹ́ àtẹ̀gùn ilé náà tòun ti ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni páìpù omi ti ń wọlé láti ìta, ibẹ̀ náà ni páìpù gáàsì ti yọrí jáde láti abẹ́ ilẹ̀. Abẹ́rẹ́ tan tọ́ọ̀ṣì. Páìpù gáàsì jẹ́ irin, wọ́n kùn ún ní ọ̀dà eérú. Páìpù omi jẹ́ irin láti òkè wá, ṣùgbọ́n láti orókún wá sílẹ̀, rọ́bà aláwọ̀ búlúù ni, tuntun, ó ṣì ń dán.

Wáyà tẹjú mọ́ ọn. Ó tẹ̀ síwájú. Ó wá kígbe kan bí ẹni tí wọ́n gún lọ́bẹ.

"Wọ́n ti gé e! Ẹ wò ó, mà, wọ́n ti gé e!"

Láti ara páìpù gáàsì, wáyà nípọn kan yọ jáde, aláwọ̀ ewé tó ní ilà yẹ́lò, ó rọ̀ dirodiro nínú afẹ́fẹ́. Orí bàbà rẹ̀ ń dán níbi tí nǹkan ti gé e. Kò kan ohunkóhun.

"Kí ni iṣẹ́ rẹ̀?" ni Abẹ́rẹ́ bèèrè.

Wáyà fi ọwọ́ tí wọ́n dè tọ́ka. "Òun ló so páìpù omi mọ́ páìpù gáàsì, tó wá so àwọn méjèèjì mọ́ ilẹ̀, lọ́dọ̀ mítà. Bí iná bá ṣìnà wọ inú páìpù, wáyà yìí ló máa gbà sálọ sínú ilẹ̀. Bó ṣe ń sá lọ pẹ̀lú agbára, bíréékà á gbọ́, á sì já. Kò lè sí ewu. Ẹ̀rọ omi àti sítóòfù á rí bákan náà, ẹ fọwọ́ méjèèjì dì wọ́n mú, kò sí ohun tó máa ṣe yín. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti gé e, tí wọ́n tún fi rọ́bà pààrọ̀ irin tó wọlẹ̀, iná náà ò rí ibi lọ mọ́. Á jókòó sínú páìpù, á máa retí."

"Á máa retí kí ni?"

"Ẹni tó máa fọwọ́ kan omi, tó máa fọwọ́ kan gáàsì." Ó yí ojú sí ògiri.

Abẹ́rẹ́ jáde síta, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ègé páìpù omi àtijọ́ tó wà lórí yanrìn. Ọ̀dà eérú bo gbogbo irin náà, àfi òrùka kan tó fẹ̀ tó ìka méjì, tí irin rẹ̀ mọ́ kedere, tí ọ̀dà kò kàn rárá. Ó mọ̀ pé nígbà tí wọ́n ń kun páìpù yẹn, ìdè tó di wáyà náà mú ṣì wà níbẹ̀. Ọ̀dà ọ̀hún kò sì tíì gbó. Ó fi èékánná ha á, ó ṣì ń tẹ̀ wọnú: kò tíì pẹ́ tí wọ́n yọ ìdè náà kúrò.

Ní òkè àtẹ̀gùn, ìyá olóògbé ti yọjú. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó di irin àtẹ̀gùn mú.

*

Ọkùnrin gìrìpá ni púlọ́mbà tó fi rọ́bà sí páìpù omi ilé náà, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ tín-ín-rín nígbà tó rí káàdì ọlọ́pàá. Ibi iṣẹ́ mìíràn ni Abẹ́rẹ́ ti bá a, nínú kòtò, ẹsẹ̀ rẹ̀ kún fún ẹrẹ̀.

"Èmi ni mo ṣe é, mà. Páìpù àtijọ́ ti dípẹtà, ó ń jò. Ajẹ́ńtì ló pè mí lọ́jọ́ Ajé."

"Ìwọ lo gé wáyà?"

"Ó dí mi lọ́wọ́. N kò lè yọ irin láìgé e."

"Kí ló dé tó ò dá a padà?"

"Iṣẹ́ omi niṣẹ́ mi, mà. N kì í fọwọ́ kan wáyà."

"O kì í fọwọ́ kan wáyà, o wá fi ayùn gé e?"

Ó tẹ orí ba. "Mo sọ fún ajẹ́ńtì, mo búra. Mo ní wáyà kan wà níbẹ̀ o, ẹ pe oníṣẹ́ iná kó wá gbé e sókè sára irin tó kù. Mo tilẹ̀ ní ṣebí oníṣẹ́ iná kan ń gbé inú ilé náà. Ó ní ẹnjiníà ń bọ̀ wá yẹ ilé wò, ẹnjiníà á rí sí i."

"Aago mélòó lo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́?"

"Aago mẹ́sàn-án ni mo pa omi. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni mo tó dá a padà. Gbogbo ilé ló ń bú mi."

"Láàárín ìgbà yẹn, ta lo rí lábẹ́ àtẹ̀gùn?"

"Èmi nìkan. Ibẹ̀ ò gba èèyàn méjì, mà. Páìpù àtijọ́ wà nílẹ̀ lórí yanrìn lóde, ọ̀nà mẹ́ta ni mo gé e sí."

Abẹ́rẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀: ọ̀nà mẹ́ta.

*

Ajẹ́ńtì ní àga aláwọ, ó sì jókòó sínú rẹ̀ bí ẹni tó ni ilé gbogbo ènìyàn. Ó gbé ìwé ẹ̀rí kan síwájú Abẹ́rẹ́, ìwé tó ní òǹtẹ̀ pupa.

"Ẹ kà á, mà. Ọjọ́ Ajé, aago mọ́kànlá òwúrọ̀. 'Ìsopọ̀ páìpù omi àti gáàsì: a wọ̀n ọ́n, ó dára.' Ẹnjiníà fọwọ́ sí i. Kí lẹ tún fẹ́ kí n ṣe?"

"Ṣé ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ẹ̀rọ ń gbé òun?"

"Rárá o."

"Ẹnì kankan?"

"Ẹnì kankan, mà. Àbí ẹ̀yin ò mọ àwọn ayálégbé ni? Wọn kì í dákẹ́ bí nǹkan bá ń ṣe wọ́n."

"Ẹ jẹ́ kí n rí fóònù yín."

Ó lọ́ra. Ó wá gbé e kalẹ̀. Ìpè Wáyà wà níbẹ̀, aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Lábẹ́ rẹ̀, àtẹ̀jíṣẹ́ kan wà láti ọwọ́ olóògbé fúnra rẹ̀, láti àárọ̀ ọjọ́ náà: *Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ̀rọ omi wa ń gbé èèyàn. Ẹ bá wa wò ó.* Èsì ajẹ́ńtì wà lábẹ́ ìyẹn: *Ẹ wọ sílípáàsì.*

Abẹ́rẹ́ kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ti rí ọ̀bẹ rí, ó ti rí májèlé, ó ti rí ẹni tó fi ìrọ̀rí pa bàbá tó bí i. Àwọn yẹn mọ̀ pé àwọn ń pànìyàn. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré nìyí, ẹni tó sì kọ ọ́ lọ jẹun lẹ́yìn tó kọ ọ́ tán.

"Ẹ wò ó, mà," ajẹ́ńtì ń rẹ́rìn-ín, "ẹ̀yin obìnrin náà, ẹ̀ẹ́ kàn máa fi ọwọ́ tútù—"

"Pa ẹnu rẹ dé." Ọ̀wọ̀ ti tán lẹ́nu Abẹ́rẹ́. "Oníṣẹ́ iná ń gbé inú ilé yẹn. Púlọ́mbà sọ fún ọ. Kí ló dé tó ò pè é?"

"Ta? Wáyà yẹn? Gbogbo ìgbà ló ń ṣàròyé. Ó ní wáyà ilé ti gbó, bíréékà ò dáa, ilé yìí léwu, ilé yìí léwu! Bí mo bá pè é lẹ́ẹ̀kan, kò ní jẹ́ kí n sinmi mọ́."

"O ti wá sinmi báyìí," ni Abẹ́rẹ́ wí. "Ìyàwó rẹ̀ náà ti sinmi. Dìde."

*

Ẹnjiníà kò bẹ̀rù nígbà tí wọ́n wọlé tọ̀ ọ́. Ọkùnrin oníwà pẹ̀lẹ́ ni, ó fún Abẹ́rẹ́ ní àga, ó ń fi aṣọ nu awò ojú rẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ wọn páìpù ilé yìí?" Ó fi ìwé náà hàn án.

"Bẹ́ẹ̀ ni. Èmi fúnra mi."

"Aago mọ́kànlá, ọjọ́ Ajé?"

"Bó ṣe wà nínú ìwé."

"Níbo lẹ ti wọ̀n ọ́n?"

"Lábẹ́ àtẹ̀gùn, níbi tí páìpù omi ti wọlé." Ó mọ ilé náà dáadáa, ó ti wá síbẹ̀ ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn. "Wáyà aláwọ̀ ewé, ìdè irin lórí páìpù irin. Kò ní àléébù."

"Ó ga tó orókún?"

"Ó kéré sí orókún díẹ̀."

"Páìpù irin?"

"Irin ni."

"Mo dúpẹ́, sà. Ìbéèrè kan ló kù." Abẹ́rẹ́ tẹ̀ síwájú. "Láàárín aago mẹ́sàn-án sí aago mẹ́rin ọjọ́ yẹn, páìpù tẹ́ ẹ̀ ń sọ yìí wà nílẹ̀ lóde lórí yanrìn. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n gé e sí. Èwo lẹ wọ̀n nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?"

Aṣọ tó fi ń nu awò dúró. Ó wo ajẹ́ńtì tó dúró láàárín ọlọ́pàá méjì, ajẹ́ńtì sì ń wo àjà.

"Ó... ó pè mí lórí fóònù," ni ẹnjiníà sọ níkẹyìn. "Ó ní òun fẹ́ ìwé náà kíákíá. Ó ti dára nígbà tí mo wò ó ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Mo rò pé kò lè yí padà."

"O jókòó síbí, o kọ ọ́?"

"Mo kọ ọ́."

"O jókòó sórí àga yìí, o kọ 'ó dára.'" Abẹ́rẹ́ kò pariwo, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ pẹ̀lẹ́. "Ilé mélòó mìíràn lo ti jókòó sórí àga yìí wọ̀n?"

Kọ́ńsítébù ti ṣí kọ́bọ́ọ̀dù ẹnjiníà. Fáìlì kún inú rẹ̀ dé òkè, òǹtẹ̀ pupa ló sì wà lára gbogbo wọn.

*

Ní àgọ́, Ọ̀gá ka gbogbo ìròyìn náà tán, ó sì fẹ̀yìn ti àga.

"O gbìyànjú. A óò tú ọkọ rẹ̀ sílẹ̀. Kọ ọ́ pé jàm̀bá ni, ká pa fáìlì dé."

"N kò ní kọ jàm̀bá, sà."

"Kí lo fẹ́ pè é? Kò sẹ́ni tó fẹ́ pa obìnrin yẹn."

"Òótọ́ ni, kò sẹ́ni tó fẹ́. Ọ̀kan gé e, ó dákẹ́ lẹ́yìn tó ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀kan gbọ́ ọ, ó ní kí wọ́n wọ sílípáàsì. Ọ̀kan kò rí i, ó kọ ọ́ pé òun rí i. Bí òjò bá wó ilé, màá kọ jàm̀bá. Àwọn yìí lórúkọ, wọ́n lọ́wọ́, ọwọ́ wọn sì wà nínú ìwé." Ó gbé ìwé ìròyìn náà padà síwájú rẹ̀. "Láàárọ̀ yìí, ẹni tí a dè ni ẹnì kan ṣoṣo tó ní kí obìnrin náà má fọwọ́ kàn án. Bí ẹ bá fẹ́ ọ̀rọ̀ 'jàm̀bá' yẹn níbẹ̀, sà, ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ ọ́, kẹ́ ẹ sì fi orúkọ yín sábẹ́ rẹ̀."

Ọ̀gá mú bírò. Ó ka orúkọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó gbé bírò náà kalẹ̀, ó ní kí wọ́n kọ ẹ̀sùn àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀, kí ẹnì kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn onílé tó wà nínú fáìlì ẹnjiníà lọ́kọ̀ọ̀kan, lónìí, kí ilẹ̀ tó ṣú.

Wọ́n mú Wáyà jáde. Wọ́n fún un ní okùn bàtà rẹ̀ nínú ọ̀rá, kò wò ó. Ìyá ìyàwó rẹ̀ ti wà lórí bẹ́ǹṣì níwájú káńtà láti ọ̀sán. Bó ṣe rí i, ó dìde. Ó kó ọwọ́ tó fi gbá a létí pamọ́ sínú ìborùn rẹ̀.

Wáyà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n Abẹ́rẹ́ ló kọjú sí. "Mà, ṣé ẹ bi àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bí iṣẹ́ náà ṣe máa pẹ́ tó?"

"Iṣẹ́ wo?"

"Láti dá wáyà yẹn padà. Láti gbé ìdè rẹ̀ sókè sára irin tó kù, kí wọ́n sì dè é pinpin."

"A ò bi wọ́n."

"Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni," ni Wáyà wí. "Bí mo bá ní láti kọ́kọ́ wá irinṣẹ́ mi, á di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa ló wà." Ó ń ka ìka rẹ̀ bí ọmọdé. "Bí wọ́n bá kanlẹ̀kùn wa lọ́jọ́ Ajé, tí wọn ò bá mi nílé, ìyàwó mi ì bá pè mí lórí fóònù. N bá fi iṣẹ́ ọ̀hún sílẹ̀. N bá wá. Mi ò ní gba nǹkan kan lọ́wọ́ wọn, mà. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré."

Màmá náà yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú ìborùn. Ó gba ọ̀rá okùn bàtà lọ́wọ́ àna rẹ̀, ó rọra fi orúnkún tó ń dùn ún kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì àgọ́ ọlọ́pàá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi okùn náà sínú bàtà rẹ̀, ihò kan tẹ̀lé ihò kan.